Ìpè Tí Ọdẹ́rìndé Kò Jẹ́

Ẹ fa ìjókòó yín súnmọ́ mi. Ẹ̀yin tó wà lórí ìtí igi yẹn, ẹ sún díẹ̀ fún àwọn tó wà lóòró. Láòṣebíkan, àgbàlagbà bíi tìẹ, jọ̀wọ́ fi ẹ̀kùrọ́ tí ò ń pa yẹn sílẹ̀. Bí ìró òkúta rẹ bá wọ inú ìtàn yìí, n kò ní mọ èyí tó jẹ́ ti ìbọn nínú rẹ̀ mọ́. Oòrùn ṣì wà lókè, ẹ má wulẹ̀ máa wo ọ̀nà ilé. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹkún kò jìnnà sí òun, kí ó ti wá etí aṣọ tí yóò fi nu ojú, nítorí n kò ní dúró dè é.

Ẹ mọ̀ mí. Ẹ má jẹ́ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pọ́n ara mi. Èmi ni mo gbọ́ ìmí ẹ̀fọ̀n láti òdìkejì òkè, tí mo sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé akọ ni, pé ọ̀fìnkìn sì ń dà á láàmú. Àwọn tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà ń bẹ níbí. Wọ́n jẹ nínú ẹran rẹ̀, wọ́n sì fojú ara wọn rí imú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́rìndé ni, ará Ìdígbá, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ọdẹ. Lẹ́nu òun gan-an ni mo ti gbọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì sọ ọ́. Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ọdẹ́rìndé ro ìṣẹ́, ó ro ìyà, síbẹ̀ ó bù fún mi nínú tirẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wá gbà.

Ọdẹ́rìndé ní àbúrò kan, ọmọ ìyá rẹ̀, tí ń jẹ́ Ọdẹ́bíyìí. Àwọn méjèèjì nìkan ni Àwẹ̀ró ìyá wọn rí tọ́ dàgbà. Bàbá wọn kú nígbà tí Ọdẹ́bíyìí ṣì ń rá, nítorí náà Ọdẹ́rìndé ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun ni bàbá rẹ̀, òun náà ni ọ̀gá rẹ̀ nídìí iṣẹ́ ọdẹ. Àwẹ̀ró sì ní àṣà kan. Nírọ̀lẹ́, tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ń ti ìgbẹ́ bọ̀, yóò dúró ní ẹ̀yìnkùlé, lẹ́bàá ewúro tó gbìn, yóò wá fa orúkọ wọn bí ẹni ń fa okùn omi láti inú kànga: "Ọdẹ́rìndé ooo! Ọdẹ́bíyìí ooo!" Àwọn náà á jẹ́ "Hòo!" láti ojú ọ̀nà. Kò ní dáná títí yóò fi gbọ́ hòo ti ẹ̀gbọ́n, tí yóò gbọ́ ti àbúrò. Ó máa ń sọ pé, "Ọmọ tí mo pè tó jẹ́, ó wà láyé. Ohun tó kù, ọbẹ̀ ni." O lè fọ́ ìkòkò nílé Àwẹ̀ró kí ó má bá ọ wí, ṣùgbọ́n kí o gbọ́ ìpè rẹ̀ kí o má jẹ́, èèwọ̀ ni.

Ilé nìyẹn. Ìgbẹ́ ní òfin tirẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ, kí ni a kọ́kọ́ máa ń kọ́ yín? Ẹ ṣeun. Ẹni tí o kò rí, bó bá pè ọ́ nínú ìgbẹ́, má dá a lóhùn. Iwin mọ ohùn sín jẹ ju ọ̀bọ lọ, ẹni tó bá sì dá a lóhùn ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ìdí rèé tí ọdẹ kì í fi í pe ẹgbẹ́ rẹ̀ lórúkọ ilé. Bí wọ́n bá ti wọ ìgbẹ́, Ọdẹ́rìndé a máa jẹ́ Òkúta, Ọdẹ́bíyìí a máa jẹ́ Ewé. Yàtọ̀ sí ti iwin pàápàá, ta lẹ rí, tí wọ́n kọ́ nílé tó gbẹ̀kọ́, tí yóò la ẹnu gbàgà pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórúkọ? Ọdẹ́bíyìí kò dán an wò rí. "Ẹ̀gbọ́n mi" ló ń bẹ lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́.

Bí Ọdẹ́rìndé ṣe kọ́ ọ ní òfin náà kò rọrùn. Yóò sá pamọ́ sẹ́yìn igi, yóò yí ohùn padà, yóò pe orúkọ rẹ̀. Bí ọmọ náà bá ti jẹ́, ìgbátí ni. Ó gba ìgbátí títí etí rẹ̀ fi ń hó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan dé tí ó gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn igi, tí ó dúró gbọn-in, tí ó na etí, tí kò sì la ẹnu. Ọdẹ́rìndé bẹ́ jáde, ó dì mọ́ ọn, ó sì fún un ní igẹ̀ àparò tó ti yan pamọ́. Ó ní, "Ewé, láti òní lọ, ọkàn mi balẹ̀ lórí rẹ. Bí ìyá wa gan-an bá pè ọ́ nínú ìgbẹ́, tí o kò bá rí wọn, má jẹ́." Ọdẹ́bíyìí ní, "Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi." Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yẹn sínú àpò, kí ẹ so ẹnu àpò náà dáadáa.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi kún un. Ọdẹ́bíyìí kì í mu omi kí ó má kọ́kọ́ ta díẹ̀ sílẹ̀ fún bàbá tí kò dá mọ̀ lójú. Odò ni, kànga ni, igbá ni, yóò ta á sílẹ̀ ná. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Bàbá yóò mu omi yó lọ́wọ́ rẹ, wọn kò ní rí àyè fi ẹmu sí."

Ó wá di ọdún kan tí ẹran wọ́n ní Ìdígbá. Àwọn méjèèjì pinnu láti la ìjù kọjá, kí wọ́n lọ ṣọdẹ ní ìhà kejì. Ìjù yìí, ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe igbó. Koríko ni, iyanrìn pupa ni, ojú ọ̀run sì ni. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló là á já, ó sì gùn débi pé ẹyẹ tó bá fẹ́ fò ó tán, yóò yé ẹyin lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Àwẹ̀ró di ọwọ́ Ọdẹ́rìndé mú. Ó ní, "Mo fà á lé ọ lọ́wọ́ o. Lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, orúkọ méjì ni máa pè." Ọdẹ́rìndé ní, "Ìyá, méjèèjì ni yóò jẹ́."

Wọ́n ṣọdẹ, orí bá wọn ṣe é. Ìgbà tí wọ́n yíjú sílé, ẹran gbígbẹ wúwo lẹ́yìn wọn, ayọ̀ sì mú kí ẹsẹ̀ wọn fúyẹ́. Lọ́sàn-án gangan ọjọ́ kan, Ọdẹ́bíyìí rí oyin tó ń wọ inú igi oṣè kan lókèèrè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n lọ bù díẹ̀ wá fún Ìyá. Ẹ mọ̀ pé ikọ́ kì í jẹ́ kí wọ́n sùn." Ọdẹ́rìndé ní, "Tètè dé o. Kí àwọn oyin má sọ ojú rẹ di ti òwìwí." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí wọ́n jọ rín kẹ́yìn nìyẹn.

Ọdẹ́rìndé jókòó sábẹ́ ibòji, ó ń tún ẹrù dì. Ó ṣe díẹ̀, ó gbọ́ tí ẹnìkan ń pè: "Ọdẹ́rìndé ooo!"

Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, kò rí ẹnìkan. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin iwin. Àbúrò mi kì í pè mí lórúkọ, Òkúta sì ni mò ń jẹ́ níbí. Ẹ lọ wá ẹlòmíràn." Ìpè náà tún dún. Lọ́tẹ̀ yìí ó fà gùn, ó dà bí ìgbà tí ìyá rẹ̀ bá ń pè é láti ẹ̀yìnkùlé. Ara Ọdẹ́rìndé bù máṣọ. Ó ní, "Háà! Iwin yìí kì í ṣe kékeré. Ó ti dé Ìdígbá lọ jí ohùn ìyá mi." Ó fi ìka di etí. Ìpè kẹta gba àárín ìka rẹ̀ kọjá, ẹkún sì wà nínú rẹ̀. Ó tẹ ìka mọ́ etí gbọningbọnin, ó ń yin ara rẹ̀ pé òun ọmọ ọdẹ, òun tí iwin kò rí mú. Lẹ́yìn náà, gbogbo ìjù pa lọ́lọ́.

Ó dúró de Ọdẹ́bíyìí, Ọdẹ́bíyìí kò dé. Ó súfèé, kò gbọ́ èsì. Nígbà tó dé ìdí igi oṣè náà, igbá ló bá ní fífọ́, oyin ti dà sílẹ̀, èèrà ti bò ó. Bàtà àbúrò rẹ̀ kan wà níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà náà, ilẹ̀ ti lanu, ó sì ti pa ẹnu rẹ̀ dé. Ojú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ló kù bí àpá ọgbẹ́ tó ti jiná. Ipa ìka ọwọ́ wà létí ìlà náà níbi tí ẹnìkan ti di ilẹ̀ mú, tó dì í mú pẹ́, kí ó tó jù ú sílẹ̀.

Ìgbà yẹn ló yé e. Ẹni tí ilẹ̀ ń gbé mì kì í rántí Òkúta, kì í rántí ọ̀wọ̀ ẹ̀gbọ́n. Ọdẹ́rìndé wó lulẹ̀, ó fi ọwọ́ lásán gbẹ́ ilẹ̀ títí èékánná fi ṣí. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ, n kò ní kí ẹ máa jẹ́ ìpè iwin o, ẹ má lọ sọ fún àwọn ọ̀gá yín pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀. Ẹ pa ẹnu yín mọ́, ṣùgbọ́n ẹ dìde, ẹ lọ wo ẹni tó ń pè. Ìdìde yẹn ni Ọdẹ́rìndé kò ṣe, ohun tó sì sọ fún mi nìyẹn tó fi sunkún lójú èmi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ké mọ́ ilẹ̀ pé, "Ọdẹ́bíyìí! Ọdẹ́bíyìí!" Láti ọ̀nà jíjìn, ó gbọ́ "Hòo!" Kò bèèrè bóyá iwin ni. Ó gbé ìbọn rẹ̀, ó sáré tẹ̀ lé ohùn náà, ó fi gbogbo ẹrù ẹran sílẹ̀ fún èèrà.

Ìlú kan ló já sí. Bó ṣe ń wọlé, ó wúkọ́, gbogbo ìlú ṣe "Hòo!" Ewúrẹ́ kan ké, wọ́n ṣe "Hòo!" Ilẹ̀kùn kan dún, arúgbó kan tó ń gbálẹ̀ ju ìgbálẹ̀ nù, ó dìde, ó ṣe "Hòo!" Ẹ má rẹ́rìn-ín. Tàbí kí ẹ rín in tán nísinsìnyí, torí Ọdẹ́rìndé náà kọ́kọ́ fẹ́ rín in. Ìgbà tó wo ojú wọn ni ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Ìlú àwọn tó ké pe èèyàn tí a kò dá wọn lóhùn ni. Ẹni tó ké láti inú kànga wà níbẹ̀. Aboyún tó pe ọkọ lóru wà níbẹ̀. Ìyá tó pe ọmọ tó ti gbàgbé rẹ̀ sẹ́yìn odi wà níbẹ̀. Wọ́n ti pinnu láàárín ara wọn pé kò sí ohùn kan tí yóò tún dún lásán létí wọn, ìbáà ṣe ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ọba wọn, Adáhùn. Etí ọba yìí fẹ̀ débi pé ó fi ọ̀kan ṣe ìrọ̀rí, ó fi ìkejì bora. Ó ní, "Àlejò, ta lò ń wá?"

"Àbúrò mi ni, Kábíyèsí."

"Ta ni kò jẹ́ ìpè rẹ̀?"

Ọdẹ́rìndé la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Gbogbo ìlú sì dá ìdákẹ́jẹ́ náà lóhùn: "Hòo."

Adáhùn ní, "Kí n tó bá ọ sọ̀rọ̀, bá mi túmọ̀ èyí. Ọba ní in, ẹrú ní in. Kò wúwo lẹ́nu, a kì í fi owó rà á. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í pamọ́ di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó tọ́ sí kò ní lè gbà á lọ́wọ́ wa mọ́."

Ọdẹ́rìndé fi ojú tó kún fún omi wò ó. Ó ní, "Hòo ni, Kábíyèsí."

"O mọ̀ ọ́n," ni ọba wí. "Ó kàn pẹ́ kí o tó mọ̀ ọ́n ni. Àbúrò rẹ dé ibí. A fún un nílé, ó kọ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun gbọ́ òun. Ó ní ìpè ìyá yín ni òun fi pè ọ́, torí láti ìgbà tí òun ti gbọ́njú, òun kò rí ọjọ́ tí o gbọ́ ìpè yẹn tí o kò jẹ́ ẹ. Ó ní o ti ń bọ̀ lọ́nà. Ẹni tó bá ṣì ní ìrètí kò lè bá wa gbé, kò sì sí ẹni tí ilẹ̀ gbé mì tó tún ń fi àwọ̀ èèyàn rìn padà. Nítorí náà a gbé awọ ẹran wọ àbúrò rẹ, a sì tú u sí ojú ọ̀nà ilé yín, kí ó máa retí rẹ níbẹ̀."

"Ẹran wo ni, Kábíyèsí?"

"Ojú ni kí o fi wá a. Láti ibí títí dé Odò Ààlà tó pín ìjù àti ilẹ̀ yín níyà, má yìnbọn sí ohun abẹ̀mí kankan, nítorí o kò mọ ẹni tí ìwọ yóò yìn ín lù. Kí o tó sọdá odò náà, pè é. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Orúkọ ilé ni kí o fi pè é, torí orúkọ ìgbẹ́, ìgbẹ́ ló ni ín. Bó bá jẹ́ ọ kí ìró ìpè náà tó rọlẹ̀, awọ yóò bọ́, ẹ ó jọ relé. Bí kò bá jẹ́ ọ, ó di ti ìjù."

Ọba parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sí ẹni tó ṣe hòo ní ìlú náà.

Bí Ọdẹ́rìndé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sílé nìyẹn, pẹ̀lú ìbọn tí kò gbọdọ̀ dún. Láti kékeré, bó bá rí ẹran, igẹ̀ rẹ̀ ló máa ń wò, ibi tí ọta yóò gbà wọlé. Nísinsìnyí, ojú ni ó ń wò. Ó ní òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹran ní ojú. Ó wo agbo ẹ̀fọ̀n tó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá ọmọ rẹ̀ láàárín èrò ọjà. Ó kí wọn, nítorí ọdẹ tí kò lè pa ẹran gbọ́dọ̀ kí i:

Ẹ̀fọ̀n, abìwo gbàgede,
o dìde, koríko dọ̀bálẹ̀,
o mí, ọdẹ gbàgbé orúkọ ìyàwó.
Bó o bá jẹ́ tèmi, fojú mọ̀ mí,
bó ò bá jẹ́ tèmi, máa jẹko rẹ lọ.

Àwọn ẹ̀fọ̀n wò ó, wọ́n ń jẹko wọn lọ. Ebi dé. Ọ̀yà kan tó sanra tó ìkòkò wá jókòó síwájú rẹ̀, ó ń họ ikùn. Ọwọ́ Ọdẹ́rìndé lọ sídìí ìbọn fúnra rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kejì gbá a. Ó já ewé jẹ, ó bẹ ọ̀yà náà pé, "Bí ìwọ kọ́ bá ni, jọ̀wọ́ kúrò níwájú mi." Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, tí mo ti fi ọjọ́ mẹ́ta sùn nínú ihò igi láìmu omi, n kò mọ̀ bóyá mo lè ṣe é. Láòṣebíkan kò lè ṣe é. Ẹ wo bó ṣe ń wo ẹ̀kùrọ́.

Ní ibi tí ọ̀nà ti pẹ̀ka, ìkookò kan bọ́ síta, ó ń fi ìdí wọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ kún fún omijé. Ó ní, "Òkúta! Òkúta! Èmi Ewé rèé. Pè mí, kí awọ burúkú yìí bọ́ lára mi." Ọdẹ́rìndé fò sókè, orúkọ àbúrò rẹ̀ ti dé eyín rẹ̀. Ó rántí ọ̀rọ̀ ọba pé ìgbẹ́ ló ni orúkọ ìgbẹ́, ó bá gbé e mì. Ó ní, "Bó bá jẹ́ ìwọ ni, kí lo fẹ́ mú wálé fún ìyá wa lọ́jọ́ náà?" Itọ́ dà lẹ́nu ìkookò. Ó ní, "Egungun ni! Egungun tó ní mùdùnmúdùn!" Ọdẹ́rìndé mi orí. Ó ní, "Oyin ni. Ikọ́ ń yọ wọ́n lẹ́nu." Ìkookò bú sẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Èyí tó dùn ún jù lọ ni ti àwọn erin. Ó bá wọn ní pápá gbalasa kan, wọ́n dúró yí egungun erin kan ká, egungun tí oòrùn ti sọ di funfun. Wọn kò jẹun, wọn kò fọn. Wọ́n ń fi ọwọ́jà wọn, imú gígùn yẹn, gbé egungun náà lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́ bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun, wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì ń dá a padà sáyè rẹ̀. Ìyá àgbà wọn yíjú sí i. Ó ní, "Ọdẹ, kí lò ń wò?"

"Mo ń wo bí ẹ ṣe ń ṣọ̀fọ̀ ni, ìyá. Ta ló pa á?"

"Ọdẹ ni. Nígbà tí ó ṣubú, ó pè wá. A wà lẹ́yìn òkè méje. A pẹ́ kí a tó dé, ẹ̀mí ti bọ́. Ṣùgbọ́n a gbọ́, a sì wá. Ọdọọdún ni a ń wá, kí ó lè mọ̀ pé a gbọ́."

Ọdẹ́rìndé jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó sunkún títí àwọn erin fi ṣípò fún un láàárín wọn. Ó ní kò sí ibi tí wọ́n ti bá òun kẹ́dùn dé ibẹ̀ láyé òun.

Ó rìn, ó ń wò, ó rìn, ó ń wò, títí ó fi gbúròó Odò Ààlà. Ìdígbá wà ní òkè odò. Ó ti ń rí èéfín. Síbẹ̀ kò tíì rí Ọdẹ́bíyìí. Ìgbà náà ni agbo ìgalà kan sọ̀kalẹ̀ wá mumi. Wọ́n tẹ orí balẹ̀, wọ́n ń mu. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn, akọ, aláwọ̀ pupa, kò tẹ orí. Ó dúró létí omi. Ó na ẹsẹ̀ iwájú, ó fi pátákò gbọ́n omi díẹ̀ sórí ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó mu.

Olúwa mi! Ọdẹ́rìndé fi ọwọ́ bo ẹnu kí igbe má bàa bọ́. Àbúrò rẹ̀ ló ń ta omi sílẹ̀ fún bàbá wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ sáré, ó dá a dúró. Ọdẹ tó bá sáré sí agbo ìgalà, eruku ni yóò bá níbẹ̀. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ara rẹ̀ sì mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe kí orí rẹ̀ tó rò ó: ó wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, ó dọ̀bálẹ̀, ó fi àyà wọ́ títí dé ẹ̀yìn igi kan. Ó fara pamọ́ sẹ́yìn igi náà. Ó kó èémí jọ. Ó fà á gùn gan-an bí ìyá wọn ṣe máa ń fà á lẹ́yìnkùlé: "Ọdẹ́bíyìí ooo!"

Ìgalà náà gbé orí sókè. Ó na etí méjèèjì. Omi kán sílẹ̀ ní àgbọ̀n rẹ̀. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, kò rí ẹnìkan. Ó dúró gbọn-in, kò mira, kò sì la ẹnu.

Àpò tí mo ní kí ẹ so lẹ́nu ńkọ́? Ẹ tú u. Ìgbátí tó gbà títí etí fi ń hó ńkọ́, igẹ̀ àparò ńkọ́? Bí ìyá wa gan-an bá pè ọ́ nínú ìgbẹ́, bí o kò bá rí wọn, má jẹ́. Ọmọ náà gbẹ̀kọ́. Kò sí ẹni tó gbẹ̀kọ́ tó o láyé yìí.

Ọdẹ́rìndé bẹ́ jáde láti ẹ̀yìn igi. Ó ń ju apá, ó ń ké pé, "Èmi ni! Èmi ni, àbúrò mi, wò mí!" Ìgalà náà rí i. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, ó sáré bọ̀, ó la ẹnu, ó gbó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohùn ńlá tó jáde láti ìsàlẹ̀ ikùn. Ṣùgbọ́n ìró ìpè náà ti rọlẹ̀. Awọ kò bọ́. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wo ara wọn. Ìgalà náà fi imú kan àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí èékánná ti ṣí. Lẹ́yìn náà agbo ṣípò, ó yà tẹ̀ lé wọn, ó ń wẹ̀yìn, ó ń wẹ̀yìn. Ọdẹ́rìndé ju ìbọn rẹ̀ sínú Odò Ààlà, ó sọdá.

Ìrọ̀lẹ́ ti dé nígbà tí ó gun orí ọ̀nà ilé wọn. Ó rí ìyá rẹ̀ lẹ́bàá ewúro, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ sí i, ó ń fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, oòrùn sì ń ta á lójú, kò lè ríran dáadáa. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ó pè, "Ọdẹ́rìndé ooo!"

"Hòo!"

Ayọ̀ mú ohùn rẹ̀ gòkè. "Ọdẹ́bíyìí ooo!"

Ewé ewúro ń mì. Adìẹ kan ń wá ibi tí yóò sùn. Ọdẹ́rìndé dúró lójú ọ̀nà, ìpè náà ń lọ lórí rẹ̀, ó ń rọlẹ̀ bọ̀. Kò jẹ́ kí ó rọlẹ̀. Ó mú ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti àbúrò rẹ̀, ó sì jẹ́ ẹ: "Hòo!"

Àwẹ̀ró kò mira. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnìkan ṣoṣo, ó gbọ́ hòo méjì. Ìyá ni, ohùn ọmọ rẹ̀ kì í rú u lójú. Ó fi ọwọ́ di ọgbà mú, ó dì í mú pẹ́.

Ó ní, "O ṣé, Ọdẹ́rìndé." Ó sì wọlé lọ dáná.

Títí ó fi kú, ìrọ̀lẹ́ kan kò kọjá tí kò pe orúkọ méjèèjì, ìrọ̀lẹ́ kan kò sì kọjá tí Ọdẹ́rìndé kò jẹ́ méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe sọ ọ́ fún mi, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ṣe gbé e lé yín lọ́wọ́, n kò bu iyọ̀ sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ dìde, ẹ gbọn eruku ìdí yín.

Ta ló ń pè láti òkè ọ̀hún yẹn? Ìyàwó Láòṣebíkan ni. Arákùnrin, fi ẹ̀kùrọ́ sílẹ̀. Jẹ́ ẹ.